Mo Pa AC Torí Epo, Epo Tún Wá Ń Tán Ju Ti Tẹ́lẹ̀ Lọ

Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún 2024 kò ní tètè gbàgbé. Ilẹ̀ á mọ́, èèyàn ò tíì wẹ̀ tán, òógùn tuntun ti bò ó. Àsìkò yẹn gan-an ni Prius mi bẹ̀rẹ̀ ìwà kan tí mi ò mọ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé ìdí ọkọ̀ yìí. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan tó wà lábẹ́ 200 náírà fò sókè, ó sún mọ́ 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Jíìpù tí mò ń wà nígbà yẹn kì í mu epo, ń ṣe ló ń jẹ ẹ́. Mo tà á, mo fi owó díẹ̀ kún un, mo ra Prius tòkunbọ̀ ti ọdún 2010, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8. Iye tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ fún un ni máìlì 50 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Tí a bá yí i sí tiwa, nǹkan bí kìlómítà 21 lórí lítà kan nìyẹn. Mi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Mo ra ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá ra epo ni mò ń kọ iye lítà àti iye kìlómítà sí i. Láti oṣù keje títí wọ Kérésì, 19 ni, 20 ni, nígbà mìíràn 21. Inú mi dùn débi pé mò ń fi ìwé náà yọ ìyàwó mi lẹ́nu.

Oṣù kejì dé, ó di 17. Ó tún di 15. Mo ní kò burú, AC ló ń jẹ ẹ́. Ni mo bá pa AC, mo ṣí gbogbo wíńdò. Láti Àkóbọ̀ dé Dùgbẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi bí ẹni tó ń gúnyán fún èrò ìgbéyàwó. Ìgbà tí mo tún ṣírò, ìwé mi sọ pé 14.

Ó yà mí lẹ́nu. Ẹni tó pa ohun tó ń jẹ epo, ṣé kò yẹ kí epo rẹ̀ pẹ́ sí i ni?

Kí n tó rí ìdáhùn, ọkọ̀ ti dá mi lóhùn. Ọjọ́ Ẹtì kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, a wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mọ́kọ́là, èmi àti àwọn ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbé nílé ìwé. Iná pupa onígun mẹ́ta tàn lórí dáṣíbọ̀ọ̀dù, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n lọ yẹ ètò hybrid wò. Mo rọra wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Kò ṣí nǹkan kan. Ó kàn wo iná yẹn, ó mi orí, ó ní: "Alàgbà, bátìrì yín ti kú. Ẹ lọ wá owó." Iye tó dá lé e kò jìnnà sí owó ilé ìwé àwọn ọmọ méjèèjì fún ọdún kan. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyàwó mi ló ní kí n gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin ríwáyà kan ní Ìwó Road tó máa ń tún ọkọ̀ àwọn ará ọjà wọn ṣe. Èyí kò sọ̀rọ̀ bátìrì rárá. Ó ki ẹ̀rọ tó fi ń ka kóòdù bọ abẹ́ dáṣíbọ̀ọ̀dù, ó wò ó, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, kóòdù P0A80 ló máa ń ní kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì. Kò sí níbí. Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí bátìrì ni wọ́n ń pè. Kí lẹ máa ń kó sórí àga ẹ̀yìn?"

Mo ní àpò gàrí tí mò ń gbé bọ̀ láti abúlé ni, àti dìpọ̀ ańkárá tí ìyàwó mi ń tà.

Ó ní kí n wá wò. Ní ẹ̀gbẹ́ àga ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, ike kan wà níbẹ̀ tó ní ojú wẹ́wẹ́ bí asẹ́. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń wa ọkọ̀ yìí, mo rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ibẹ̀ ni bátìrì ti ń mí. Ó tú àga, ó yọ fáànù jáde. Eruku àti fọ́nrán òwú ti di mọ́ ara wọn nínú rẹ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ó wá béèrè bóyá mo máa ń tan AC. Mo ní rárá o, ó ti tó oṣù kan tí mo ti pa á, kí epo má baà tán. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ ti dí i nímú, ẹ tún wá ń fún un ní atẹ́gùn gbígbóná."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé lọ sílé, tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Fún ẹni tí ò tíì wa irú ọkọ̀ yìí rí: ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù wà níbẹ̀, mọ́tò iná mànàmáná wà níbẹ̀, bátìrì ńlá sì wà lẹ́yìn àga ẹ̀yìn. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, mọ́tò iná á yí padà di jẹnẹrétọ̀, á gba agbára ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀, á tọ́jú u sínú bátìrì. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbéra, agbára yẹn ló máa kọ́kọ́ ti ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó dá sí i. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, níbi tí àwọn ọkọ̀ yòókù ti ń jó epo lójú kan, ẹ́ńjìnnì tiwa á kú fúnra rẹ̀. Èrè hybrid nìyẹn, ọwọ́ bátìrì ni gbogbo rẹ̀ sì ń gbà kọjá. Bí bátìrì bá kọ̀ láti gba iná, tó tún kọ̀ láti fúnni, ohun tó kù lọ́wọ́ yín kò ju ọkọ̀ 1.8 tó ń ru ẹrù bátìrì kiri.

Bátìrì inú tèmi jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní nickel-metal hydride. Módù 28 ni, sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 168, fóòtì 201.6. Ẹ má jẹ́ kí fóòtì yẹn tàn yín jẹ o. Tí a bá wọn iná inú rẹ̀, kò ju 1.3 yúnítì lọ, yúnítì kan náà tí à ń rà sínú mítà NEPA nílé. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í sì í jẹ́ kó kún tán tàbí kó gbẹ tán. Láàárín nǹkan bí ìdá 40 sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbé e sí. Nítorí náà, nǹkan bí ààbọ̀ yúnítì péré lẹ ní láti ná. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ fi ń ná an tán, ẹ tún gbà á padà, ẹ tún ná an. Bí owó alájàpá, yíyípo rẹ̀ ló ń mú èrè wá.

Ooru wá ń ba yíyípo yẹn jẹ́. Nígbà tí iná bá ń wọlé sínú sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ méjì ló ń du ara wọn lójú irin nickel inú rẹ̀. Èkíní ni kí iná náà dúró síbẹ̀, ìyẹn ohun tí a fẹ́. Èkejì ni kí iná náà máa tú omi inú sẹ́ẹ̀lì, kí ó máa yọ ọ́síjìn jáde. Nígbà tí ara sẹ́ẹ̀lì ò bá gbóná jù, iṣẹ́ kìíní ló ń borí. Bí ó bá ti kọjá nǹkan bí 45°C, èkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ààyè gan-an. Ọ́síjìn yẹn á sún lọ sí apá kejì sẹ́ẹ̀lì, á padà di omi, á sì tú ooru sílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Iná tí ẹ fi bíréèkì kó jọ di ooru, ooru náà sì mú kí iná tó ń bọ̀ lẹ́yìn tún di ooru.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ èyí. Wọ́n fi ohun tó ń wọn ooru sára bátìrì. Bí kọ̀ǹpútà bá rí i pé ara ń gbóná jù, á kọ́kọ́ mú kí fáànù sáré. Bí ìyẹn ò bá tó, á dín iye iná tó lè wọlé àti èyí tó lè jáde kù. Bíréèkì tó yẹ kó máa kó iná jọ á di bíréèkì irin lásán. Ẹ́ńjìnnì á tètè tàn, á sì pẹ́ kó tó kú. Ọkọ̀ ò ní kọ lẹ́tà sí yín pé òun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ ti máa mọ̀ ni ilé epo.

Fáànù yẹn ńkọ́? Kì í fa atẹ́gùn láti ìta. Inú ọkọ̀, níbi tí àwa èèyàn jókòó sí, ló ti ń fa á. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀ ń mí náà ni bátìrì ń mí. Bí inú ọkọ̀ bá jẹ́ 25°C, 25 ló máa rí. Bí ẹ bá ṣí wíńdò lọ́sàn-án oṣù kẹta tí ìta jẹ́ 36, tí eruku Ìwó Road ń wọlé, 36 àti eruku ló máa rí. Mo pa AC torí epo, mo sì pa ohun kan ṣoṣo tó lè tu bátìrì lára.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní AC kì í jẹ epo. Ó ń jẹ ẹ́ dáadáa. Láti ìran kejì Prius, ti ọdún 2004, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ò yí kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ AC mọ́. Iná bátìrì ńlá ló ń yí i. Ìdí nìyí tí AC fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Ẹ jẹ́ ká fi kílówáàtì kan ṣírò, torí lọ́sàn-án gangan ó lè jẹ bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, kó tó rọlẹ̀. Ààbọ̀ yúnítì tí a ní lọ́wọ́ kò lè kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì tó dìde láti wá fi epo ṣe iná. Nǹkan bí yúnítì mẹ́sàn-án ló wà nínú lítà bẹntiróòlù kan, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń bá ooru ẹ́ńjìnnì lọ. Ẹ ṣe ire bí ẹ bá rí 2.5 sí 3 mú jáde gẹ́gẹ́ bí iná. Ó túmọ̀ sí pé AC wákàtí kan ń jẹ nǹkan bí lítà 0.4.

Ohun tó wá yé mi níbí ni pé wákàtí ni AC ń gbowó lé, kì í gbowó lórí kìlómítà. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ lè rin kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan, ẹ ó jó nǹkan bí lítà mẹ́rin. Lítà 0.4 lórí ìyẹn kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Nínú ìlú, wákàtí kan náà lè má gbé yín kọjá kìlómítà 15. Ọkọ̀ hybrid tó ń rin 20 lórí lítà kan máa jó lítà 0.75 fún un. Ẹ wá fi 0.4 lé e. Ó ju ìdajì lọ! Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára náà sọ ohun tó jọ èyí: nínú ooru tó le gan-an, AC lè mú iye tí ọkọ̀ lásán ń rìn lórí epo lọ sílẹ̀ ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, pàápàá ní ìrìn kúkúrú, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ fún hybrid. Kì í ṣe pé AC hybrid burú. Ọkọ̀ náà ló ń mu epo díẹ̀, ni ohun tí AC ń jẹ fi hàn gbangba.

Ọ̀rọ̀ wá di méjì. Bí ẹ bá pa AC, bátìrì á gbóná. Bí ẹ bá tàn án ní ìtànkutàn, epo á lọ. Ibi tí mo wá dúró sí ni pé ooru tí ò bá wọ inú ọkọ̀, kò sí ẹni tó máa fi epo lé e jáde.

Ibùdókọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ láti Arizona State University àti University of California San Diego tẹ iwádìí kan jáde nípa ọkọ̀ tí wọ́n gbé sójú oòrùn ní ìlú Tempe, ní ọjọ́ tí ìta ju 38°C lọ. Lẹ́yìn wákàtí kan péré, inú ọkọ̀ ti tó nǹkan bí 47°C, dáṣíbọ̀ọ̀dù 69, ọwọ́ tí a fi ń yí ọkọ̀ 53. Àwọn tó wà lábẹ́ ibòòji dúró sí nǹkan bí 38, dáṣíbọ̀ọ̀dù wọn sì jẹ́ 48. (Kì í ṣe torí epo ni wọ́n ṣe ṣèwádìí yẹn o, torí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń gbàgbé sínú ọkọ̀ ni. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ì báà jẹ́ lábẹ́ igi.) Bátìrì tó jókòó sínú 47 láti aago méjìlá kò ní tutù kí ẹ tó délé. Ní ibi iṣẹ́ wa, gbogbo èèyàn ló ń du ẹnu ọ̀nà, torí kí wọ́n má baà rìn. Èmi ti kúrò níbẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ni mò ń gbé tèmi sí, mo sì ra páálí onífàdákà tí wọ́n ń tà fún gíláàsì iwájú. Ẹ̀gbin ẹyẹ ń bá mi jà, àmọ́ omi ń fọ ìyẹn.

Toyota fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìdúró ojú oòrùn yìí ni ìṣòro. Lára Prius ìran tèmi, ẹni tó bá fẹ́ san owó lé e lè gba èyí tó ní pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lórí òrùlé, tó ń yí fáànù láti lé ooru jáde nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Tèmi ò ní in. Ọwọ́ mi ni fáànù tèmi: kí n tó wọlé, mo máa ń ṣí wíńdò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ń wa ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ 47 yẹn á jáde lọ́fẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ 36 á rọ́pò rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó máa pa wíńdò dé, tí mo ń tan AC sí 25, tí mo sì ń tẹ bọ́tìnnì tó ní ọfà tó ń yí po nínú àwòrán ọkọ̀, kí AC lè máa tu afẹ́fẹ́ tó ti tutù lára dípò kó máa fa tuntun láti ìta. Àwọn tó ń yí i sí ibi tó tutù jù, wọ́n rò pé yóò yá. Kò ní yá títí kan, á kàn ṣiṣẹ́ kọjá ibi tó yẹ kó dúró ni.

Mo dán èyí wò lẹ́yìn tí wọ́n fọ fáànù tán. Ọ̀sẹ̀ méjì láìtan AC rárá, ọ̀sẹ̀ méjì tí mo tàn án sí 25. Mi ò ní purọ́ fún yín: ní àárọ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, wíńdò ló jàre, torí ìta ṣì tutù. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, bí mi ò bá tan AC, mò ń gbọ́ fáànù bátìrì lẹ́yìn mi, ó ń hu bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Ẹ kọ́ etí yín láti gbọ́ ohùn yẹn. Ó túmọ̀ sí pé bátìrì ń wá atẹ́gùn tútù. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, AC ti di dandan nìyẹn, èmi ì báà máa gbọ̀n.

Àwọn nǹkan kan wà tí ooru ń ṣe fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì máa ń tètè gbóná débi tó yẹ, nítorí náà ó ń tètè gbà láti kú. Atẹ́gùn ìta tó jẹ́ 35°C fúyẹ́ ju èyí tó jẹ́ 20°C lọ ní nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ọkọ̀ sì ń rọrùn díẹ̀ láti là á kọjá. Táyà ńkọ́? Atẹ́gùn inú rẹ̀ ń lé ní nǹkan bí psi kan fún gbogbo 6°C tó bá lé. Ìdí nìyí tí kò fi dáa kí ẹ wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án lọ́dọ̀ fọkanáísà, kó wá ní ó ti pọ̀ jù, kó yọ díẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn, iye tó wà lára ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà ni kí ẹ sì tẹ̀ lé.

Ti pé kí a máa ra epo ní àárọ̀ kùtùkùtù torí pé ooru ń mú epo wú, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń wú, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún gbogbo 10°C. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni tánkì ilé epo wà, ooru ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. Oorun tí ẹ máa fi du ìlà níbẹ̀ níye lórí jù ú lọ.

Kí n kìlọ̀ kan o. Ihò atẹ́gùn ni kí ẹ máa gbá fúnra yín, kò ju ìyẹn lọ. Wáyà olómi ọsàn tó wà lẹ́yìn àga lè pa èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ yọ fáànù gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń yọ pọ́lọ́ọ̀gì ààbò bátìrì, kó sì dúró kí iná inú ìnfátà ọkọ̀ rọlẹ̀. Ìnfátà yẹn náà ní omi ìtutù tirẹ̀, yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi ẹ̀rọ sí i torí pé ó wà nítòsí.

Owó tí mo san fún ọmọkùnrin ríwáyà náà lọ́jọ́ yẹn, tí ó fi fọ fáànù, tó tún un dè, tó pa kóòdù rẹ́, kò tó owó ìwé àwọn ọmọ, ká má tíì sọ owó ilé ìwé wọn. Bátìrì kan náà ṣì ni mò ń lò. Nínú ooru ọdún 2025, nígbà tí lítà epo ti sún mọ́ ẹgbẹ̀rún náírà, ìwé mi kọ 18, nígbà mìíràn 18 àti ààbọ̀. Kò padà sí 21 ti ìgbà òjò, mi ò sì retí rẹ̀. Bọ́ọ̀tì ni gàrí ń wọ̀ báyìí. Ti ańkárá, a ṣì ń jà lórí rẹ̀. Ìyàwó mi ní bọ́ọ̀tì ń rùn gàrí.